Tọ́bò àbí ẹ́ńjìnnì tó ń dá mí: èwo ló yẹ ọkọ̀ asáré ní Àkúrẹ́?

Kí àríyànjiyàn má bàa di ti orí ahọ́n, ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, ká gbé gbogbo ìfiwéra yìí lé e lórí. Honda K24A4 ni: 2354 cc, sílíńdà 4, agbára ẹṣin 160 láti ilé iṣẹ́, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó) 9.7:1. Òun ló wà nínú Accord 2003 sí 2005 onísílíńdà 4, ìyẹn "End of Discussion" tó kún ojú títì Àkúrẹ́ bámúbámú. Ẹ̀yà rẹ̀ wà nílẹ̀, mẹkáníìkì tí kò tíì tú u rí sì ṣọ̀wọ́n. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kí irú ẹ́ńjìnnì yìí máa mú agbára ẹṣin 220 wá nínú Accord ilẹ̀kùn méjì oníjíà ọwọ́, tàbí nínú Civic tó fúyẹ́. Ṣé kó kan tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọn ni, àbí kó wá agbára náà láìsí tọ́bò, kí ẹ́ńjìnnì máa dá mí fúnra rẹ̀?

Èrò tiwa rèé kí a tó dé ìdí rẹ̀: bí ohun tí ẹ ń wá kò bá kọjá 230, ẹ má fi tọ́bò yọ ara yín lẹ́nu. Bó bá kọjá 250, ẹ má da owó nù sórí ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò. Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà, epo tí ẹ ń rà àti ẹni tí yóò ṣètò brénbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ló sì máa ń parí rẹ̀.

Ibi tí agbára ti ń wá

Ẹ́ńjìnnì tó ń dá mí kò ní ju afẹ́fẹ́ tí ayé bá tì sínú rẹ̀ lọ. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ní 14.7 psi (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́). Àkúrẹ́ ga tó nǹkan bíi mítà 350, nítorí náà 14.1 psi ló kù fún wa. Ìyẹn ni pé 4 nínú 100 agbára ti lọ kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀: 160 inú ìwé di nǹkan bíi 154. Kò pọ̀, kò sì yẹ kó dùn yín títí. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,200 lọ, ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Tọ́bò ń ṣe iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, àfi pé èéfín gbígbóná tó ń jáde ló ń yí i. Kẹ̀kẹ́ kan wà nínú ọ̀nà èéfín, òmíràn wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ọ̀pá kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, ọ̀pá yẹn sì lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣètò búùsìtì, ìyẹn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fi kún un, sí 8 psi, 14.1 di 22.1, ìyẹn ìlọ́po 1.57. Ẹ fi 154 lọ́po 1.57, ó di 241.

Orí ìwé ni 241 yẹn wà. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Lọ́jọ́ tí Àkúrẹ́ bá wà ní 35°C, nínú oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ tó bá jáde lára tọ́bò tó dára ní 8 psi yóò ti tó 95°C. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kò gbé ọ́síjìn tí epo fi ń jó púpọ̀. Íntákúlà (ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù) tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n 70 nínú 100 yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 53°C, agbára yóò sì wà ní nǹkan bíi 228. Ẹ tún yọ èyí tí fífa àkókò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn yóò jẹ nítorí epo wa, 220 ló kù. Láìsí íntákúlà rárá, 202 ni ẹ ń bá ṣeré, ẹ sì ti gbé ẹ́ńjìnnì náà sẹ́nu ikú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín owó kù nípa yíyọ íntákúlà, kó kúkú yọ tọ́bò pẹ̀lú.

Epo

Ibí ni àwọn tó ń wo fídíò Amẹ́ríkà ti máa ń ṣìnà. Epo 93 tí wọ́n ń dárúkọ lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ka tiwọn yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ka tiwa. Ó tó nǹkan bíi RON 98 (RON ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè kọ̀ láti bú fúnra rẹ̀). RON 91 ni òṣùwọ̀n epo tiwa dúró lé. Ètò brénbọ́ọ̀sì tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ fún 93 wọn, yóò ta iná sí epo yín ní àkókò tí epo náà kò lè gbà. Epo yóò bú gbàù fúnra rẹ̀ lápá kan sílíńdà kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ibẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ohun kan tó bàjẹ́. Nínú èyí tó ní tọ́bò, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti ṣẹ́ etí pístọ́ọ̀nù láàárín ríńgì kìn-ín-ní àti ìkejì.

Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ló ń pinnu bí epo wa ṣe máa rí i sí. 9.7:1 pẹ̀lú 8 psi ṣeé gbé lórí RON 91 bí iná plọ́ọ̀gì bá lọ sẹ́yìn. Dígírì 1 sẹ́yìn fún psi kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 10.5:1 láìsí tọ́bò náà ṣeé gbé, pẹ̀lú ìṣọ́ra díẹ̀. Ṣùgbọ́n 10.5:1 pẹ̀lú tọ́bò lórí epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, a kò ní bá yín dá sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti gbọ́ pé ọtí máa ń tu epo lára, tó wá ń wojú ògógóró Ìlàjẹ, kó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń mu ún: omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí táǹkì yín lè gbà lọ.

Kíkọ́ ọ láìsí tọ́bò

Ọ̀nà tó rọrùn jù kò gba pé kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ wá K24A2 tọ́kúnbọ̀, èyí tó wà nínú Acura TSX 2004 sí 2008. 200 ló ń mú wá láti ilé iṣẹ́, ti 2006 sókè ń mú 205, ìfúnpọ̀ rẹ̀ 10.5:1. VTEC, ètò tó ń yí bí fáálífù ṣe ń ṣí padà, wà nínú K24A4 fún àtidín epo kù ní RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kékeré. Ti K24A2 wà fún eré, lápá afẹ́fẹ́ àti lápá èéfín. Ẹ fi mánífóòdù èéfín 4-2-1 (páìpù mẹ́rin tó di méjì, kó tó di ọ̀kan) sí i, sàlẹ́ńsà onípáìpù ínṣì 2.5, àpótí afẹ́fẹ́ tó ń fa láti ìta (kó má máa fa láti ẹ̀yìn rẹ́díétọ̀), kí ẹ sì gbé brénbọ́ọ̀sì tí a lè kọ ètò sí wọlé. Hondata K-Pro nínú brénbọ́ọ̀sì Acura RSX ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ẹ ti wà ní agbègbè 230 nìyẹn.

Ẹ má ra páìpù ínṣì 3 nítorí ariwo. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní èéfín tó tó o, ẹ óò sì pàdánù ìfà rẹ̀ ní RPM 2,000 sí 3,500, ibi tí ẹ ti ń wakọ̀ láàárín ìlú.

Bí ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó tú u. Tọ́pù sílíńdà K20A2 (ẹ́ńjìnnì Honda oní-2.0 lítà) lórí bílọ́ọ̀kù K24 ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe, pẹ̀lú kámù tó ń jẹ́ kí fáálífù ṣí pẹ́ sí i àti sípíríńgì fáálífù tó le. Pọ́m̀pù ọ́ìlì K24 tó ní ọ̀pá ìdọ́gba kò dára ju RPM 7,500 lọ. Ti K20A2 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fò, tó sì máa ń pa ẹ́ńjìnnì: wíwọn àlàfo láàárín fáálífù àti pístọ́ọ̀nù.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ mú amọ̀ ìṣeré ọmọdé, ẹ tẹ́ ẹ sórí pístọ́ọ̀nù kan, ibi tí àmì fáálífù wà, kó nípọn tó mílímítà 5. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ojú fáálífù kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé tọ́pù padà pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tí ẹ óò lò gan-an, ẹ dè é bó ṣe yẹ, ẹ so ṣéènì kámù. Ẹ fi ọwọ́ yí kráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kò gbọdọ̀ jẹ́ sítátà. Bó bá há níbì kan, ẹ dúró, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ tú u, ẹ fi abẹ gé amọ̀ náà láàárín, ẹ wọn ibi tó fẹ́lẹ́ jù. Lápá afẹ́fẹ́, kò gbọdọ̀ dín sí mílímítà 2.0, lápá èéfín, 2.5, nítorí fáálífù èéfín máa ń gbóná, ó sì máa ń gùn sí i. Bí wọ́n bá ti fá tọ́pù náà rí, àlàfo yìí yóò ti dín kù, àkókò kámù yóò sì ti yí díẹ̀. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n bákan náà.

Ohun tó sábà máa ń pa irú ẹ́ńjìnnì yìí lẹ́yìn tó bá ti jáde kò ju jíà lọ: awakọ̀ fẹ́ kó sí 4 láti 3, ọwọ́ rẹ̀ yà sí 2. Brénbọ́ọ̀sì kò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Fáálífù yóò pàdé pístọ́ọ̀nù.

Kíkọ́ ọ pẹ̀lú tọ́bò

K24A4 tí ẹ ti ní ni ẹ óò lò, ìfúnpọ̀ rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ sì di àǹfààní. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú géèjì, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìtẹ̀ iná pátápátá. Bí èyí tó kéré jù bá fi ju 10 nínú 100 lọ dín sí èyí tó pọ̀ jù, ẹ má kan tọ́bò mọ́ ọn. Ẹ óò kàn sáré ikú rẹ̀ ni.

Tọ́bò tọ́kúnbọ̀ pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, èyí tó dára wà láàárín wọn. Ẹ di imú ọ̀pá rẹ̀ mú. Ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde: kò gbọdọ̀ mì, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: díẹ̀ lè wà, nítorí orí ọ́ìlì ló ń fò bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́ kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kan ara ilé rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí abẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti jẹ bí eyín ayùn, ó ti gbé yanrìn mì rí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọ́ìlì tútù bá wà lápá afẹ́fẹ́, ẹ bèèrè ìdí kí ẹ tó nawọ́ sówó.

Ọ́ìlì ló ń pa tọ́bò ju ohunkóhun lọ, ọ̀nà tó sì ń gbà jáde ló ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Páìpù tó ń gbé e wọlé tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mílímítà 5 nínú. Èyí tó ń dá a padà sí àwo ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 15 ó kéré tán, kó máa dà wálẹ̀ tààrà, kó má rọ̀ bí ikùn rárá, kó sì wọ inú àwo ní òkè ibi tí ọ́ìlì dúró dé. Bí ọ́ìlì kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò gba ara ọ̀pá wọ inú èéfín, èéfín aláwọ̀ búlúù yóò máa jáde, wọn yóò ní tọ́bò ti bàjẹ́, ẹ óò ra òmíràn, kò sì ní yàtọ̀.

Epo ló ṣìkejì. Fún 220 pẹ̀lú tọ́bò lórí nọ́sù (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ dé 80 nínú 100, nọ́sù kan gbọ́dọ̀ lè da nǹkan bíi 430 cc láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ra 550, kí ààyè wà. Ẹ pààrọ̀ pọ́m̀pù epo sí 255 lítà láàárín wákàtí kan. Pọ́m̀pù tó ti rẹ̀ máa ń dára ní ìdúró, á sì jáni kulẹ̀ ní RPM 5,500 gan-an, níbi tí epo tó bá dín kù díẹ̀ ti ń yọ́ pístọ́ọ̀nù.

Wastegate, fáálífù tó ń darí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tọ́bò kọjá, ló ń sọ pé búùsìtì tó. Rọ́bà kékeré tó so ó mọ́ tọ́bò kò wọ́n, ṣùgbọ́n bó bá yọ, búùsìtì yóò máa gòkè títí ohun kan yóò fi já. Ẹ fi kílíìpù dè é lápá méjèèjì, ẹ sì ní kí brénbọ́ọ̀sì gé epo bí búùsìtì bá kọjá 10 psi.

Bí ẹ bá tú bílọ́ọ̀kù, ẹ fẹ àlàfo ẹnu ríńgì kí ẹ tó tò ó padà. Nínú sílíńdà mílímítà 87, 0.35 tó fún èyí tí kò ní tọ́bò. Tọ́bò ń fẹ́ nǹkan bíi 0.48. Ooru ń mú kí ríńgì gùn. Bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn, yóò há mọ́ ògiri sílíńdà, yóò sì fa orí pístọ́ọ̀nù ya. Ẹni tó bá to ríńgì bó ṣe wà nínú páálí kò tíì tò ó.

Ìwọ̀nba nọ́ńbà tí ẹ lè kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù:

| | Láìsí tọ́bò (K24A2) | Pẹ̀lú tọ́bò (K24A4, 8 psi) |
|---|---|---|
| Agbára ẹṣin tí a ń wá | 230 | 220 |
| Tọ́ọ̀kì (ipá ìyípo), nǹkan bíi | 225 Nm | 300 Nm |
| Afẹ́fẹ́ sí epo, ẹsẹ̀ nílẹ̀ pátápátá | 12.8 sí 13 | 11.5 |
| Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì | 1.1 mm | 0.7 mm, plọ́ọ̀gì tó tutù sí i |
| Nọ́sù, ó kéré tán | 380 cc | 430 cc |
| Ọ́ìlì | 5W-30, ní 6,000 km | 5W-40 síńtẹ́tíìkì, ní 4,000 km |

Lójú títì

Ẹ wo tọ́ọ̀kì inú tábìlì yẹn, òun ni ìyàtọ̀ tí ẹsẹ̀ yín yóò mọ̀. Lọ́nà Ọ̀wọ̀ tàbí lọ́nà Iléṣà, níbi tí tírélà ti máa ń dí yín lọ́nà, tọ́bò yóò gbé yín kọjá ní jíà 4 láìsí pé ẹ yí jíà. Èyí tí kò ní tọ́bò ń fẹ́ kí ẹ bọ́ sí 3, kí ẹ jẹ́ kó ké dé 6,500.

Ọ̀nà Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kọ́nà wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀, yanrìn pupa sì máa ń ṣàn sójú títì lẹ́yìn òjò. Nínú kọ́nà, ẹ fẹ́ kí agbára tẹ̀lé ẹsẹ̀ yín bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an. Tọ́bò, pàápàá èyí tó tóbi ju ẹ́ńjìnnì lọ, máa ń ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, táyà iwájú Accord yóò sì yọ̀ lọ síta. Níbẹ̀, a ó mú èyí tó ń dá mí láìronú lẹ́ẹ̀mejì. (Bó ti wù kó rí, ẹ fi eré ìje sílẹ̀ fún pápá tó ní ògiri. Ọlọ́kadà máa ń ya wọ ojú títì láìwẹ̀yìn.)

Láàárín ìlú, ní Ọba Adésidà nígbà tí ọkọ̀ bá tò dé Ọjà Ọba, ooru ni ìṣòro. Íntákúlà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí di ààrò. Ẹ fi fáànù rẹ́díétọ̀ tó lágbára sí i, ẹ fi aṣọ tí kì í jóná wé ilé èéfín tọ́bò. Bí ẹ bá ti sáré dé ilé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má bàa jóná di èédú. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún méjèèjì. Ẹni tó bá ń lo fílítà gbangba aláìlápòótí lórí tọ́bò ń bọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní yanrìn.

Owó

A kò ní dárúkọ iye, torí náírà kì í dúró dè wá. Èyí tí ẹ lè fi ọkàn tán ni ibi tí owó ń gbà lọ. Láìsí tọ́bò, ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, ìyókù kéré. Pẹ̀lú tọ́bò, tọ́bò fúnra rẹ̀ kì í tó ìdajì: mánífóòdù, íntákúlà àti páìpù rẹ̀, nọ́sù, pọ́m̀pù, brénbọ́ọ̀sì, sẹ́ńsọ̀, lẹ́yìn náà klọ́ọ̀ṣì, torí ti ilé iṣẹ́ kò wà fún 300 Nm. Ẹni tó bá ra tọ́bò kó tó ṣírò klọ́ọ̀ṣì yóò gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti wà níbẹ̀, 40 mìíràn kò ju epo tó dára àti psi díẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé 40 lórí 230 láìsí tọ́bò jẹ́ pístọ́ọ̀nù, kámù, tọ́pù àti iṣẹ́ ẹ̀rọ tí yóò gbé yín dé Èkó.

Ọ̀nà kẹta wà tí a kì í sábà rántí: ẹ ra èyí tó ti ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́. Golf 4 oní-1.8T ní ìfúnpọ̀ 9.5:1, ọ̀nà ọ́ìlì, íntákúlà àti brénbọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa búùsìtì. Nínú GTI 2.0T FSI ti 2006 sí 2008, ẹ yọ pọ́m̀pù epo tó wà lára kámù, kí ẹ wo ife kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti lu ihò, kámù ti ń jẹ. Lexus IS300 oní-2JZ-GE ń tan ènìyàn nítorí orúkọ Toyota Supra, ṣùgbọ́n 2JZ-GTE ti Supra ní 8.5:1 àti kọ́nrọ́ọ̀dù tó nípọn. GE VVT-i ju 10:1 lọ, kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Búùsìtì kékeré ni kí ẹ fún un.

Kí ẹ tó san owó fún ẹni tí yóò ṣètò brénbọ́ọ̀sì

Ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan tó ti ṣe hàn yín lórí kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè rí RPM, búùsìtì, ìgbà tí iná plọ́ọ̀gì ń tan, ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àti afẹ́fẹ́ sí epo láti ara sẹ́ńsọ̀ wídíbáńdì, Bosch LSU 4.9 tàbí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá lè sọ 14.7 fún yín, ṣùgbọ́n wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ìyàtọ̀ 11.5 sí 13. Bó bá jẹ́ etí àti imú nìkan ni ẹni náà fi ń ṣètò, ẹ ní kó ṣe K24A2 fún yín láìsí tọ́bò, kí ètò ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀ bó ṣe wà.